Kí Ni Ẹni Tó Sanwó Lẹ́nu Ọ̀nà Rà?

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí: ilé oúnjẹ àjẹyó, ohun inú òkun àti súṣì

Bismillaahi Rahmaani Rahiim.

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun Ọba ni, Ẹni tó dá òkun, tó sì fi ẹran tútù sínú rẹ̀ fún wa láti máa jẹ. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ àjíǹde.



Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí wọ́n ń kàwé tàbí tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní òkè òkun máa ń béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ wa lemọ́lemọ́. Wọ́n ní: ǹjẹ́ ó tọ́ kí Mùsùlùmí lọ jẹun ní ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń gba owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́nu ọ̀nà, tí wọn yóò sì ní kí èèyàn jẹ títí yóò fi yó? Súṣì tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ńkọ́, ṣé hàláálì ni? Ẹni tó bá gbọ́ ìbéèrè yìí lè rò pé ọ̀rọ̀ ikùn lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ òwò wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ àdéhùn wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìfọkàntán sì wà nínú rẹ̀. Èmi tí mò ń kọ ẹ̀kọ́ yìí ti ṣẹ̀ níbẹ̀ rí. N ó kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí, kí ẹ lè mọ̀ pé n kò dúró lórí òkè máa bá ẹni tó wà nísàlẹ̀ wí.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ MI

Nígbà tí mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àwa ọ̀dọ́ mẹ́sàn-án kan pinnu pé a ó jọ jáde lọ jẹun ní ọjọ́ kejì Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. A yan ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ti ń ta ohun inú òkun àti súṣì, nítorí pé wọn kì í ta ọtí níbẹ̀. Bí o bá ti dé ẹnu ọ̀nà, wàá san iye kan, wọn yóò fi ọ́ jókòó, ó wá di kí o máa lọ bu oúnjẹ fúnra rẹ.

Tábìlì gígùn ni wọ́n to oúnjẹ náà sí. Edé pupa wà lórí yìnyín. Ẹsẹ̀ akàn wà níbẹ̀ ní òkìtì. Wọ́n gé ẹja sámọ̀n àti túnà pẹlẹbẹ, wọ́n fi lé orí ìrẹsì kékeré tí wọ́n fi ọwọ́ ṣù. Arábìnrin kan nínú wa kò tíì mú àwo tó fi lọ bá ọ̀kan nínú àwọn tó ń se oúnjẹ, ó ń béèrè ohun tí wọ́n fi sínú ìrẹsì náà. Ojú ń tì wá. A rò pé ó ń dá wa dúró ni. Ọ̀kan nínú àwa ọkùnrin wá ké pé, "Ẹ jẹ́ ká jẹ iye owó tá a san o!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a sì dìde. Gbólóhùn yẹn ló bà wá jẹ́ lọ́jọ́ náà.

Mo bu àwo kìíní, mo jẹ ẹ́ tán. Mo bu èkejì, mo jẹ ẹ́ dé ìdajì. Mo lọ bu ẹ̀kẹta kí èkejì tó tán, nítorí mo rí i pé ẹsẹ̀ akàn ń tán lọ. Nígbà tí a máa dìde, oúnjẹ ṣẹ́ kù sínú àwo mẹ́fà lórí tábìlì wa. Arábìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ bu àwo kan péré, ó jẹ ẹ́ tán mọ́nímọ́ní. Ó ń wo àwọn àwo náà, kò sọ̀rọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí mo dúró kírun Ìṣáì, agbára káká ni mo fi lè tẹ̀ síwájú. Ikùn kò jẹ́.

Èyí tó burú jù nìyí. Kí a tó jáde, mo fi bébà ìnuwọ́ wé súṣì mẹ́fà, mo tì í bọ inú àpò kóòtù mi. Ọ̀rẹ́ tí a jọ ń gbé yàrá kan wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kò lè bá wa lọ. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe. Mo ní, ṣebí mo ti sanwó.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, a jókòó ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Áfáà wa. Mo ń ròyìn ilé oúnjẹ náà fún wọn tẹ̀ríntẹ̀rín. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, nígbà tí o sanwó lẹ́nu ọ̀nà, kí lo rà?"

Mo ní, "Oúnjẹ ni, Áfáà."

Wọ́n ní, "Ó tó mélòó?"

N kò rí ìdáhùn.

Wọ́n ní, "Bó bá jẹ́ pé oúnjẹ orí tábìlì yẹn lo rà, kí ló dé tí o kò gbé gbogbo rẹ̀ lọ sílé?"

Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí pé mo rántí àpò kóòtù mi. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ lọ́jọ́ yẹn, àti èyí tí mo ti wádìí kún un láti ìgbà náà, ni mo tò sísàlẹ̀ yìí.

1. IBI TÍ ÀṢÀ YÌÍ TI WÁ

Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Sweden ti ń to oríṣiríṣi oúnjẹ sórí tábìlì kan kí àlejò lè bu fúnra rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1940, ilé ìtura El Rancho Vegas ní Las Vegas, ní Amẹ́ríkà, sọ irú tábìlì bẹ́ẹ̀ di òwò: san owó kan, kí o jẹ iye tó wù ọ́. Ìdí ni pé kí àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀ má baà jáde lọ wá oúnjẹ síbòmíràn. Ní ọdún 1958, Imperial Hotel ní Tokyo, ní ilẹ̀ Japan, ṣí tirẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀gá ibẹ̀, Inumaru Tetsuzo, ti rí irú tábìlì àwọn ará Sweden yẹn ní Denmark. Wọ́n sọ ọ́ ní Viking, orúkọ yẹn sì ni àwọn ará Japan ń pe irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Ní ọdún 1958 yẹn kan náà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Shiraishi Yoshiaki ṣí ilé súṣì kan ní Osaka, níbi tí bẹ́líìtì tó ń yí ti ń gbé àwo kọjá níwájú àwọn tó ń jẹun. Ní irú ilé yìí, àwo kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀. Bí o bá jẹun tán, wọn yóò ka àwo rẹ, wàá sì san iye rẹ̀.

Ẹ fi ìyàtọ̀ àárín méjèèjì sọ́kàn. Ní Osaka, àwo súṣì ni o rà, o sì mọ iye rẹ̀. Ní ilé oúnjẹ àjẹyó, o san iye kan, ṣùgbọ́n ohun tí o rà kò tíì ní òǹkà. Pé ilé tẹ́tẹ́ ló sọ ọ́ di òwò kò sọ ọ́ di hàráámù. Ohun tó wà nínú òwò náà fúnra rẹ̀ ni a máa wò.

2. OHUN INÚ ÒKUN

Nínú Súrà Al-Maaida, aaya 96, Ọlọ́hun ṣe ohun tí a pa nínú òkun àti oúnjẹ inú rẹ̀ ní hàláálì fún wa. Nígbà tí àwọn èèyàn sì béèrè lọ́wọ́ Ànábì (S.A.W.) bóyá wọ́n lè fi omi òkun ṣe àlùwàlá, ó dá wọn lóhùn pé omi rẹ̀ mọ́, òkú inú rẹ̀ sì jẹ́ hàláálì. Ìdí nìyí tí a kì í fi dúńbú ẹja.

Mázìhábù Imaamu Maalik ni àwọn baba wa ń tẹ̀ lé nílẹ̀ Yorùbá. Nínú rẹ̀, ẹja, edé, akàn àti ohun tó ń gbé inú ìkarahun lókun, hàláálì ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí o bá wà ní ìlú bíi Lọ́ńdọ̀nù, wàá pàdé ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí láti Pakistan, India àti Bangladesh tí wọ́n ń tẹ̀ lé mázìhábù Imaamu Abu Hanifa. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹja nìkan ni hàláálì nínú ohun inú òkun. Wọn kì í jẹ akàn, àwọn onímọ̀ wọn sì ń jiyàn lórí edé. Bí arákùnrin rẹ kò bá jẹ edé, má ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ìwọ bá sì jẹ ẹ́, kí òun náà má ṣe bínú sí ọ.

Ìtàn kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá jókòó ti ẹja òkun mọ̀. Jabir ọmọ Abdullah ló sọ ọ́, Bukhari àti Muslim sì gbà á wá. Ànábì (S.A.W.) rán ọ̀ọ́dúnrún (300) èèyàn jáde, ó fi Abu Ubayda ọmọ al-Jarrah ṣe olórí wọn. Oúnjẹ wọn tán lọ́nà títí ó fi di pé èso dàbínù kan ṣoṣo ni ẹnìkan ń jẹ lójúmọ́. Wọ́n ń fà á mu bí ọmọdé ṣe ń mu ọyàn, wọ́n á sì mu omi lé e. Ewé igi ni wọ́n ń lù wálẹ̀ tí wọ́n ń rẹ sínú omi jẹ. Nígbà tí wọ́n dé etí òkun, wọ́n bá ẹja ńlá kan tí òkun ti gbé sókè, tó ga bí òkìtì iyanrìn. Wọ́n jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ títí ara wọn fi padà bọ̀ sípò. Abu Ubayda ní kí wọ́n gbé egungun ìhà rẹ̀ dúró, ẹni tó gun ràkúnmí sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà tí wọ́n padà dé Mẹdínà, wọ́n sọ fún Ànábì. Ó ní oúnjẹ tí Ọlọ́hun mú jáde fún wọn ni, ó béèrè bóyá ó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn, wọ́n fún un, ó sì jẹ nínú rẹ̀.

Àwọn èèyàn yìí náà di ẹja wálé, gẹ́gẹ́ bí èmi ṣe di súṣì wálé. Kí ni ìyàtọ̀? Ẹja tiwọn kò ní olówó, Ọlọ́hun ló fi fún wọn láti inú òkun. Tèmi ní olówó, n kò sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

3. OHUN TÓ FARA PAMỌ́ SÍNÚ SÚṢÌ

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹja tútù ni à ń pè ní súṣì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrẹsì tí wọ́n fi fínígà, ṣúgà àti iyọ̀ pò ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi lé e lórí lè jẹ́ ẹja tútù, ó lè jẹ́ edé tí wọ́n ti sè, ẹyin tàbí ẹ̀fọ́. Fínígà kò ní ìṣòro, nítorí Ànábì (S.A.W.) fi búrẹ́dì jẹ ẹ́, ó sì yìn ín. Ibi tó yẹ kí á ti ṣọ́ra ni ìwọ̀nyí:

(a) Mirin. Ọtí ìrẹsì aládùn ni, agbára ọtí inú ojúlówó rẹ̀ sì tó nǹkan bí 14 nínú 100. Àwọn kan máa ń fi sínú ìrẹsì súṣì, ẹyin dídín, tàbí ọbẹ̀ dídùn tí wọ́n ń dà sórí ẹja. Sake náà jẹ́ ọtí ìrẹsì, wọ́n sì ń fi se oúnjẹ. Ìbéèrè tí arábìnrin wa béèrè nìyí. Wọ́n dá a lóhùn pé kò sí nínú ìrẹsì, ṣùgbọ́n ó wà nínú oúnjẹ méjì mìíràn lórí tábìlì náà. Òun nìkan ni kò jẹ méjèèjì nínú wa. Ta ló yẹ kí ojú tì?

(b) Akàn tí kì í ṣe akàn. Ẹja funfun ni wọ́n lọ̀, tí wọ́n kùn ní pupa kó lè jọ akàn. Ẹja inú rẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe é máa ń po nǹkan mọ́ ọn, mirin tàbí wáìnì sì lè wà lára wọn.

(d) Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹran tí wọn kò dúńbú. Nínú ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ohun inú òkun nìkan ló wà lórí tábìlì. Wọ́n lè fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sínú ìrẹsì díndín, tàbí kí wọ́n fi wé edé. Wo ṣíbí tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ pẹ̀lú, bóyá ọ̀kan náà ni wọ́n ń fi bu méjèèjì. Béèrè bóyá òróró kan náà ni wọ́n ń fi dín edé àti ẹran.

(e) Ẹja tútù. Jíjẹ ẹ́ kì í ṣe hàráámù, ṣùgbọ́n aràn lè wà nínú rẹ̀. Ìlànà àjọ FDA ní Amẹ́ríkà ni pé kí wọ́n fi ọ̀pọ̀ irú ẹja tí wọn yóò jẹ ní tútù sínú fíríísà ní −20°C fún ọjọ́ 7 kí aràn náà lè kú. Ilé oúnjẹ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú bí o bá béèrè. Aboyún àti ẹni tí edé tàbí akàn máa ń bá jà lára ní láti ṣọ́ra gidigidi. Ọlọ́hun kò ní kí á fi ọwọ́ ara wa fa ara wa sínú ìparun.

(ẹ) Ibi tí wọ́n ti ń mutí. Ànábì (S.A.W.) kọ̀ fún onígbàgbọ́ láti jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gbé ọtí kiri. Nítorí náà, yan ilé oúnjẹ rẹ kí o tó kúrò nílé.

4. KÍ LO RÀ?

Ẹ jẹ́ kí á padà sórí ìbéèrè Áfáà wa. Imaamu Muslim gbà á wá pé Ànábì (S.A.W.) kọ òwò gharar, ìyẹn òwò tí àìmọ̀ wà nínú rẹ̀ tó fi lè fa ìrẹ́jẹ. Ẹja tó ṣì wà nínú odò, o kò lè tà á. Báwo wá ni ti oúnjẹ tí olùtà àti olùrà kò mọ iye rẹ̀?

Àwọn onímọ̀ ìgbà tiwa kò sọ ohun kan náà. Ní ọdún 2014, Sheikh Salih al-Fawzan ní Saudi Arabia sọ pé kò tọ́, nítorí pé ohun tí a rà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a mọ̀. Ṣáájú rẹ̀, Sheikh Ibn Uthaymin, tó kú ní 2001, sọ pé ó tọ́, nítorí pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni kan sí èkejì kò pọ̀, àwọn èèyàn sì ń mójú kúrò nínú rẹ̀. Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ kejì yìí ti wà tipẹ́. Imaamu an-Nawawi, tó kú ní 1277, ti kọ ọ́ pé àwọn onímọ̀ fẹnu kò lórí ilé ìwẹ̀: èèyàn lè sanwó wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi tí ẹnìkan yóò lò yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, tí wọn kò sì ní pẹ́ níbẹ̀ bákan náà. Irú àìmọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ kì í ba òwò jẹ́.

Èrò kejì yìí ló tẹ́ ọkàn mi lọ́rùn. Ẹni tó ni ilé oúnjẹ ti ṣírò tirẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹnìkan yóò jẹ àwo márùn-ún, arúgbó kan yóò sì jẹ àwo kan. Owó arúgbó náà ló fi ń di àlàfo ẹni tó jẹ márùn-ún. Kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, òun náà kò sì fẹ́ kí á rẹ́ òun jẹ. Ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ dúró lórí ohun kan: pé ẹni tó sanwó ni yóò jẹ ẹ́, níbẹ̀, pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀.

Ìdáhùn sí ìbéèrè Áfáà nìyí. Kì í ṣe oúnjẹ orí tábìlì lo rà. Àyè láti jẹun lo rà. Ohun tó wọ ẹnu rẹ ti di tìrẹ. Ohun tó wà lórí tábìlì, àní ohun tó wà nínú àwo rẹ pàápàá, ti olówó rẹ̀ ṣì ni títí wàá fi jẹ ẹ́. Àlejò níbi oúnjẹ ìgbéyàwó náà rí bẹ́ẹ̀ lójú àwọn onímọ̀: wọ́n yọ̀ǹda fún un láti jẹ, wọn kò ní kó lọ tà á, wọn kò sì ní kó gbé e fún ẹni tí wọn kò pè.

Mo mọ ohun tí ẹnìkan máa sọ. Yóò ní ṣebí nílé níbí, bí a bá lọ sóde ìnáwó, àwọn kan máa ń mú ọ̀rá dání, ẹnikẹ́ni kì í sì bá wọn jà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, olóde rí i, ó sì fi ojú rere wò ó. Nígbà mìíràn òun gan-an ló ń sọ pé kí wọ́n di díẹ̀ fún ìyá lágbájá. Ìyọ̀ǹda rẹ̀ ló sọ ọ́ di hàláálì, kì í ṣe ọ̀rá náà. Ní ilé oúnjẹ àjẹyó, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ògiri pé kí á má ṣe gbé oúnjẹ jáde. Bí wọn kò bá tiẹ̀ kọ ọ́, ìwọ fúnra rẹ mọ̀ ọ́n, nítorí bí kò bá jẹ́ pé o mọ̀ ọ́n, o kò ní fi í pamọ́ sínú àpò.

Nínú Súrà An-Nisaa, aaya 29, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti máa fi ọ̀nà èké jẹ dúkìá ara wa, àfi òwò tí àwa méjèèjì bá yọ́nú sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Súrà Al-Maaida, Ó pàṣẹ pé kí á mú àdéhùn wa ṣẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé kèfèrí ló ni ilé oúnjẹ náà. Nígbà tí Ànábì (S.A.W.) ń ṣe hijira kúrò ní Mẹ́kà, àwọn tó fẹ́ pa á ni wọ́n ní ohun ìfipamọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ ó fi Ali sílẹ̀ sẹ́yìn kó lè dá ohun olóhun padà fún wọn.

Nítorí náà, èyí kò tọ́: kí ẹnìkan sanwó kí ẹni méjì máa jẹ nínú àwo rẹ̀; kí á pe ọmọ ọdún 13 ní ọmọ ọdún 10 kí owó rẹ̀ lè dín; kí á jókòó kọjá àkókò tí wọ́n dá; kí á di oúnjẹ lọ sílé láìgba àṣẹ. Bí o bá fẹ́ mú nǹkan lọ fún ẹni ilé, béèrè. Wọ́n lè tà á fún ọ, wọ́n sì lè fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́.

5. ÀWO ÀTI IKÙN

Bí òwò náà bá ti mọ́, ó ku ìwà wa nídìí rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Ohun àkọ́kọ́ ni ojúkòkòrò. Ibn Umar sọ pé Ànábì (S.A.W.) kọ̀ fún ẹni tó bá ń bá àwọn ẹlòmíràn jẹ dàbínù láti máa mú u ní méjì méjì, àfi bó bá gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ti bá ẹsẹ̀ akàn tèmi mu! Mo bu ẹ̀kẹta torí pé ó ń tán lọ. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà náà sanwó bíi tèmi.

Èkejì ni ìfiṣòfò. Nínú Súrà Al-Aaraaf, aaya 31, Ọlọ́hun ní kí á jẹ, kí á mu, kí á má sì ṣe àṣejù. Ànábì (S.A.W.) kọ́ wa pé bí òkèlè bá bọ́ sílẹ̀, kí á mú un, kí á nu ìdọ̀tí ara rẹ̀ kúrò, kí á jẹ ẹ́, kí á má fi í sílẹ̀ fún ṣàítánì. Bí òkèlè kan bá níyì tó bẹ́ẹ̀, kí ni a fẹ́ sọ nípa àwo mẹ́fà? Bu díẹ̀, jẹ ẹ́ tán, kí o tó padà lọ. Tábìlì náà kò ní sá lọ.

Ẹ̀kẹta ni àjẹkì. Miqdam ọmọ Ma'dikarib gbọ́ ọ lẹ́nu Ànábì (S.A.W.) pé kò sí ohun èlò tí ọmọ Ádámọ̀ kún tó burú ju ikùn lọ; òkèlè díẹ̀ tó lè gbé ẹ̀yìn rẹ̀ dúró tó o; bó bá sì di dandan kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó pín in sí mẹ́ta: ìdá kan fún oúnjẹ, ìdá kan fún omi, ìdá kan fún èémí.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ gbólóhùn tó bà wá jẹ́ yẹn wò, pé kí á jẹ iye owó tí a san. Owó náà ti lọ nígbà tí a wọlé. Bí a jẹ àwo kan, ó ti lọ. Bí a jẹ àwo mẹ́wàá, ó ti lọ. Àwo ẹ̀kẹta kò dá kọ́bọ̀ kan padà sínú àpò mi. Ikùn rírun àti ìrun Ìṣáì tí n kò lè kí dáadáa ni mo fi kún àdánù mi. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ ṢE PARÍ

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, mo sọ ti súṣì mẹ́fà náà fún Áfáà wa ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n kò bá mi wí. Wọ́n kàn ní, "Ìwọ mọ ọ̀nà ibẹ̀." Ní ọjọ́ kejì, mo padà lọ. Ó ṣòro fún mi láti ṣàlàyé fún obìnrin tó ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà, nítorí kò kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mò ń sọ yé. Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo sì gbé owó kalẹ̀. Ọ̀gá náà wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ka iye súṣì mẹ́fà nínú owó náà, ó dá ìyókù padà fún mi. Ó wá ní kí n jókòó mu tíì. Ó bi mí léèrè irú ẹ̀sìn tí mò ń ṣe, mo sì sọ ọ́ fún un. Bí mo bá ti mú súṣì náà lọ ní àlọ pátápátá, ẹ̀sìn yìí kan náà ni ìbá jẹ́ orúkọ tí mo bà jẹ́ níbẹ̀.

Arákùnrin mi, arábìnrin mi, ẹ lọ jẹun. Òkun Ọlọ́hun gbòòrò, hàláálì inú rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó mú àwo, ẹ rántí ohun tí ẹ rà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ẸGBẸ́

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ra àwo súṣì kan àti ẹni tó sanwó ní ilé oúnjẹ àjẹyó?
2. Kí ló mú kí ẹja tí àwọn ọmọ ogun Abu Ubayda dì wálé jẹ́ hàláálì?
3. Dárúkọ ohun mẹ́ta tó yẹ kí á béèrè kí á tó jẹ súṣì.
4. Báwo ni hádíìsì dàbínù méjì ṣe kan ẹni tó wà lórí ìlà oúnjẹ?
5. Ǹjẹ́ ohun kan wà lọ́wọ́ rẹ, yálà láti ilé oúnjẹ, ibi iṣẹ́ tàbí ilé ìwé, tó yẹ kí o dá padà?

Kí Ọlọ́hun fi hàláálì Rẹ̀ tó wa kúrò níbi hàráámù. Kí Ó fi àlùbáríkà sínú ìwọ̀nba tí a bá jẹ, kí Ó sì fún wa ní ọkàn tó ń tètè padà sọ́dọ̀ Rẹ̀. Aamiin.

Wassalaamu alaykum wa rahmatullaahi wa barakaatuh.